Bíà ọkà bàbà nínú àpò: bí ẹ ṣe lè pọn ọ́n nílé

Òkun o, gbogbo ilé. Bíà àkọ́kọ́ tí mo fọwọ́ ara mi pọn, omi ògì ni, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Mo ka bí àwọn òyìnbó ṣe ń ṣe é, pé kéèyàn ṣáà da ọkà sínú àpò, kó ri àpò sínú omi tó gbóná dé 66 dígírì, kó fi sílẹ̀ fún wákàtí kan, kó fa àpò jáde, ó tán. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, àfi pé báálè, ọkà tí àwọn òyìnbó fi ń pọn bíà, ni tiwọn, ọkà bàbà tí mo rà lọ́jà Kabba ni tèmi. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan mo bu díẹ̀ sí kọ́ọ̀bù fún bàbá kan ládùúgbò wa, bàbá tọ́ ọ wò, ó wojú mi, ó ní "ọmọ mi, ó ku àkàrà."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rè é. Sítáàṣì inú báálè máa ń là, bí ògì ṣe ń di ẹ̀kọ, láàárín 60 sí 65 dígírì, ẹ́ńsáìmù inú ọkà híhù tó ń sọ ọ́ di ṣúgà ṣì wà láàyè nínú ooru yẹn, iṣẹ́ méjèèjì á jọ lọ. Ti ọkà bàbà le ju bẹ́ẹ̀, ó di nǹkan bíi 70 lọ sókè kó tó là dáadáa, ìgbà yẹn ooru ti ń pa ẹ́ńsáìmù. Torí náà ẹ ó kọ́kọ́ bu ẹ́ńsáìmù sápá kan, ẹ ó se ọkà tó kù, ẹ ó wá dá ẹ́ńsáìmù padà sí i. Àwọn ìyá tó ń pọn bùrùkùtù àti pítò ti ń ṣe é tipẹ́ láìsí tẹmómítà, wọ́n á bu omi tó tòrò lókè, wọ́n á se gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n á tún dà á pọ̀. Àwa kàn fẹ́ fi àpò ṣe é ni kí sísẹ́ má baà dá wa lágara. Báálè kọ́ ni dandan ṣá, ní 1988 tí ìjọba fòfin de báálè òkèèrè, ọkà bàbà àti àgbàdo ni àwọn ilé iṣẹ́ bíà wa sáré yíjú sí.

Ẹ ra nǹkan bíi kílò mẹ́rin ọkà bàbà. Múdù ọjà ò dọ́gba o, ẹ gbé e lé òṣùwọ̀n. Ọkà tuntun ni kẹ́ ẹ béèrè, èyí tí wọ́n ti po oògùn kòkòrò mọ́ ò dáa fún mímu, èyí tó sì ti pẹ́ nínú ilé ò ní hù. Ẹ ṣà á, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ rẹ ẹ́ fún ọjọ́ kan gbáko, kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ omi rẹ̀ bíi ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ tẹ́ ẹ sórí àpò kòkó tẹ́ ẹ ti fọ̀ mọ́, ẹ fi òmíràn bò ó, ẹ wọ́n omi sí i láàárọ̀ lálẹ́, kẹ́ ẹ máa rú u kó má baà gbóná ní ìsàlẹ̀. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún èhù rẹ̀ á ti gùn tó ìka kékeré. Tẹ́ ẹ bá rí ibi tó ń ṣe dúdú tàbí àwọ̀ ewé, tó ń bu olu, ẹ kó gbogbo rẹ̀ dànù, ẹ má ṣàánú ẹ̀.

Ẹ sá a sóòrùn títí á fi gbẹ tó máa ń ró pa lẹ́nu. Ẹ wá fọwọ́ ra á, kí èhù àti gbòǹgbò rẹ̀ já kúrò, kẹ́ ẹ fẹ́ ẹ dànù. Ẹ má fò ó o. Májèlé wà nínú èhù ọkà bàbà, irú sáyánáìdì tó wà nínú gbágùúdá gan-an ni, ẹ má sì dà á sílẹ̀ fún ewúrẹ́.

Tó bá di ọ̀dọ̀ oníẹ̀rọ, ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń lọ èlùbọ́, kì í ṣe ẹ̀rọ ata. Ẹ ní kó tú ẹnu ẹ̀rọ sílẹ̀, kó kàn fọ́ ọ sí méjì mẹ́ta ni. Tèmi ò gbọ́, ó ní òun ò lọ nǹkan báyẹn rí, ó ń fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó ń lọ̀ ọ́, èyí tó wá kúnná bí ìyẹ̀fun dí ojú aṣọ pa, omi kankan ò kọjá.

Ní ti àpò, aṣọ kọ́tìnnì tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ni, èyí tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá. Ẹ ní kí télọ̀ rán an kí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ju ti ìkòkò lọ, kí ẹ lè yí i dé etí ìkòkò kẹ́ ẹ fi okùn so ó. Ìkòkò ayẹyẹ tó ń gba lítà 20 dáa, kẹ́ ẹ sì fi àwo irin tẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ iná á jó àpò.

Ọkà híhù tẹ́ ẹ lọ̀, ẹ wọn kílò mẹ́ta. Omi lítà 12 ní 45 dígírì, ó gbóná ju omi ìwẹ̀ ọmọ lọ díẹ̀. Ẹ da ọkà sínú àpò inú omi yẹn, ẹ rò ó kó má dì, ẹ bò ó fún ìṣẹ́jú 45, ẹ má tún rò ó mọ́ ní ìparí. Ẹ rọra bu lítà mẹ́rin lára omi òkè sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì mímọ́, ẹ dé e. Ẹ́ńsáìmù yín nìyẹn, ẹ ò gbọdọ̀ gbé e súnmọ́ iná.

Ẹ wá koná mọ́ èyí tó kù, ẹ máa rò ó, yóò ki, yóò sì máa hó gbùdù gbùdù bí ògì tó ń jinná. Ìṣẹ́jú 30. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ dúró títí tẹmómítà á fi sọ 75, ẹ wá da lítà mẹ́rin yẹn padà díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ máa rò ó, gbogbo ẹ̀ á bọ́ sí nǹkan bíi 64. Ibi yìí ló máa ń dùn mọ́ mi jù. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ògì tó ki lẹ́ẹ̀kan á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lójú yín, ṣíbí á wá fúyẹ́ lọ́wọ́, tẹ́ ẹ bá tọ́ ọ wò ó ti ń dùn. Ẹ fi búláńkẹ́ẹ̀tì wé ìkòkò fún wákàtí kan ààbọ̀. Kẹ́ ẹ tó fa àpò, ẹ kán omi rẹ̀ sórí àwo funfun, ẹ kán áyódíìn ti kẹ́míìsì sí i: tó bá dúdú tàbí tó di búlúù, sítáàṣì ṣì wà, ẹ tún dúró, tó bá dúró ní àwọ̀ áyódíìn fúnra ẹ̀, ó ti ṣe. Ẹ da èyí tẹ́ ẹ fi dánwò nù.

Ẹ gbé igi lé orí àga méjì, ẹ so àpò kọ́ ọ, kó máa kán sínú ìkòkò, ẹ fi lítà mẹ́rin omi gbígbóná ṣan èèrí, ẹ fún un. Èèrí yìí ti jinná, ewúrẹ́ lè jẹ ẹ́.

Ẹ hó omi ọkà náà fún wákàtí kan, ẹ má kúrò nídìí ẹ̀, fóòmù rẹ̀ a máa ru kọjá etí ìkòkò lójijì. Họ́ọ̀pù, ewéko tó ń mú bíà korò, ò sí nítòsí wa, orógbó méjì tẹ́ ẹ gé wẹ́wẹ́ ni mo máa ń lò fún kíkorò, àwọn kan ń lo ewúro gbígbẹ, ṣùgbọ́n ewúro a máa gba ẹnu bí ọbẹ̀. Ẹ sẹ́ ẹ, ẹ gbé ìkòkò sínú abọ́ omi tútù, ẹ máa pààrọ̀ omi títí yóò fi lọ́ wọ́ọ́wọ́. Láti ìgbà yìí lọ, ohunkóhun tó bá kàn án gbọ́dọ̀ ti kan blíìṣì kí ẹ sì ti fi omi híhó ṣan án dáadáa.

Yíìsì bíà gíráàmù mẹ́fà tó fún lítà mẹ́wàá, ti búrẹ́dì náà ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ a máa kù nínú ìgò. Ẹ da omi ọkà náà àti yíìsì sínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ dé e, ẹ ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ sí ìdérí, kí ẹnu kejì rẹ̀ wọnú omi kí afẹ́fẹ́ lè jáde. Ooru wa pọ̀ jù fún un, ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì sínú abọ́ omi, ẹ fi aṣọ tútù wé e. Ọyẹ́ ni àsìkò tó dáa jù.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, tí kò bá yọ fóòmù mọ́ rárá, ẹ rọ ọ́ sínú ìgò ike, ṣúgà gíráàmù mẹ́fà fún lítà kan, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀, ìgò dígí a máa bẹ́. Ẹ máa tẹ ìgò yẹn lójoojúmọ́, tó bá ti le bí òkúta, ẹ gbé e sínú fíríìjì ní ìdúró fún ọjọ́ kan. Ẹ rọra dà á, kò ní mọ́ bíi ti ọjà, ẹ sì fi ìka méjì gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀, ikùn á máa kùn yín tẹ́ ẹ bá mu ún mọ́ ọn.