Ẹ Má Tíì Tú Pọ́ǹpù: Bí A Ṣe Ń Wá Ibi Tí Dísẹ́ẹ̀lì Ti Ń Jò Àti Ohun Tó Gba Agbára Lọ́wọ́ Ọkọ̀ Àtijọ́

Mercedes 240D àti 300D tí wọ́n ṣe láàárín 1976 sí 1985 ṣì wà lójú títì títí dòní. Ẹ́ńjìnnì wọn kì í tètè kú. Wàhálà tó sábà máa ń bá wọn ni pé ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo lórí òkè, òórùn dísẹ́ẹ̀lì á sì gba inú bónẹ́ẹ̀tì kan. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́nu mẹkáníìkì ni pé kí a tú pọ́ǹpù, èyí ńlá tó ń fi agbára ti dísẹ́ẹ̀lì lọ sínú ẹ́ńjìnnì. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ rí, ní Abẹ́òkúta, ìlú tí òkè kì í tán. Wọ́n tú u, wọ́n gbé e lọ kálíbrétì, ìyẹn ni pé kí wọ́n tún ìwọ̀n dísẹ́ẹ̀lì tó ń tú jáde ṣe lórí ẹ̀rọ, mo sanwó, ọkọ̀ dé, kò sì lè gun òkè tí kò lè gùn tẹ́lẹ̀. Asẹ́ tó wà nídìí tánkì ló dí. Láti ọjọ́ náà, pọ́ǹpù ni mo máa ń fura sí kẹ́yìn.

Ìkìlọ̀ kan ṣáájú. Dísẹ́ẹ̀lì tó ń lọ sí nọ́súlù, ẹnu tó ń fọ́n ọn sínú ẹ́ńjìnnì, ń rìn pẹ̀lú agbára tó ju 100 bar lọ; afẹ́fẹ́ inú táyà ọkọ̀ kò ju bíi 2 bar. Ó lè gún awọ ara wọlé bí abẹ́rẹ́. Nítorí náà, ẹ má fi ìka wá ibi tó ń jò nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, páálí ni kí ẹ fi wá a. Bó bá gún yín, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kódà bí ojú egbò náà kò bá ju ojú abẹ́rẹ́ lọ.

1. Ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó wò ó. Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti tutù ni kí ẹ fi omi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ pọ́ǹpù àti àyíká rẹ̀. Ẹ má da omi tútù sí pọ́ǹpù gbígbóná, ó lè mú kí inú rẹ̀ há. Bó bá gbẹ, ẹ bu pọ́ńdà díẹ̀ sí i lára, kí ẹ tan ọkọ̀, kí ẹ jẹ́ kó dúró lórí síló, láì tẹ tọ́tù, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ibi tí pọ́ńdà bá ti kọ́kọ́ rin ni kí ẹ máa wò.

2. Láti òkè wá sísàlẹ̀ ni kí ẹ ti wá a. Dísẹ́ẹ̀lì máa ń ṣàn, ibi tó ń kán sí kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ibi tó ti jáde. Ẹ kọ́kọ́ wo àwọn họ́ọ̀sì tín-ín-rín aláṣọ tó so nọ́súlù kan mọ́ èkejì, àti ìdérí kékeré tó wà lórí nọ́súlù tó gbẹ̀yìn. Bí wọ́n bá ti gbó, dísẹ́ẹ̀lì á máa rìn gba ara ẹ́ńjìnnì lọ sórí pọ́ǹpù, pọ́ǹpù á sì máa jẹ ẹ̀bi ẹlẹ́bi. Owó wọn kò tó nǹkan.

Lẹ́yìn ìyẹn ni pọ́ǹpù ọwọ́ tí a fi ń fa dísẹ́ẹ̀lì, èyí tó wà lára fíìdì pọ́ǹpù, pọ́ǹpù kékeré tó ń fa dísẹ́ẹ̀lì wá láti tánkì. Ti àtijọ́ tó lórí funfun tí a máa ń yí kó tó ṣí kì í pẹ́ jò. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sí irú tuntun tí a kàn ń tẹ̀.

Lórí pọ́ǹpù gan-an, níbi tí páìpù irin kọ̀ọ̀kan ti jáde, nọ́ọ̀tì ńlá kan wà: mẹ́rin lára 240D, márùn-ún lára 300D. Rọ́bà roboto àti wáṣà bàbà ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, rọ́bà yẹn ló sì máa ń gbẹ. Wọ́n lè pààrọ̀ rẹ̀ láì sọ pọ́ǹpù kalẹ̀, ṣùgbọ́n ó nílò sípánà tirẹ̀ àti èyí tó ń wọn agbára ìfún. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kàn fún un pọ̀ ní tipátipá. Rọ́bà Viton ni kí ẹ béèrè.

Ẹ rántí pé ibi tí dísẹ́ẹ̀lì ń gbà jáde nígbà tí ọkọ̀ ń ṣiṣẹ́ lè jẹ́ ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé nígbà tó bá dúró. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ míì kì í fi í fẹ́ jí láàárọ̀. Láàárín tánkì àti fíìdì pọ́ǹpù ńkọ́? Ibẹ̀ lè má kán rárá, afẹ́fẹ́ nìkan ni yóò máa fà. Ẹ fi họ́ọ̀sì tó mọ́ gaara síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀: bí ihó bá ń gba inú rẹ̀ kọjá bíi ti ọṣẹ, ẹ ti rí i.

3. Ẹ wo èéfín. Bí ọkọ̀ kò bá lágbára tí sàlẹ́ńsà sì ń tú èéfín dúdú, dísẹ́ẹ̀lì ń dé, afẹ́fẹ́ ni kò tó, tàbí kí nọ́súlù máa tọ̀ dípò kó máa fọ́n. Bí kò bá lágbára tí kò sì sí èéfín, ebi dísẹ́ẹ̀lì ló ń pa á. Ẹjọ́ méjèèjì yàtọ̀ pátápátá.

4. Bó bá jẹ́ ebi. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹnìkan tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀ pátápátá, kí ẹ sì wo apá tó wà lára pọ́ǹpù. Ṣé ó dé òpin? Mo ti rí ọkọ̀ tó jẹ́ pé kápẹ́ẹ̀tì abẹ́ ẹsẹ̀ ló gba agbára rẹ̀. Ẹ pààrọ̀ fílítà méjèèjì, kékeré oníke àti ńlá onírin. Ẹ tú ìdérí tánkì díẹ̀ kí ẹ tún gun òkè náà: bó bá yá sí i, ojú ihò tí tánkì fi ń mí ló dí.

Lẹ́yìn náà, ẹ yọ họ́ọ̀sì tó ń bọ̀ láti tánkì, kí ẹ ti èyí tó ń wọ fíìdì pọ́ǹpù àti èyí tó ń dá dísẹ́ẹ̀lì padà bọ inú kẹ́ẹ̀gì dísẹ́ẹ̀lì tó mọ́. Ẹ so kẹ́ẹ̀gì náà jìnnà sí fáànù àti sàlẹ́ńsà, kí ẹ fa pọ́ǹpù ọwọ́ títí afẹ́fẹ́ yóò fi tán, kí ẹ tan ọkọ̀ níbi tó dúró sí, kí ẹ tẹ tọ́tù. Bó bá ń tiraka lórí tánkì tó sì ń gbé dáadáa lórí kẹ́ẹ̀gì, pọ́ǹpù ti bọ́ nínú ẹjọ́.

5. Bó bá ń gbọ̀n lórí síló. Ẹ wọ awò ojú, ẹ fi aṣọ bo nọ́ọ̀tì orí nọ́súlù, ẹ dẹ̀ ẹ́ díẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹ bá dẹ̀ tí ìró ẹ́ńjìnnì kò yí padà ni sìlíńdà tó ń sùn. Ẹ fi nọ́súlù rẹ̀ pààrọ̀ ti ẹnìkejì rẹ̀, pẹ̀lú wáṣà tuntun. Bí àìsàn náà bá tẹ̀lé nọ́súlù, ẹ ti mọ ọ̀daràn. Bó bá dúró síbi tó wà, ó lè jẹ́ kọ̀ǹpréṣọ̀n, ìyẹn agbára tí sìlíńdà fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, ó sì lè jẹ́ pọ́ǹpù.

Àmì kan tún wà tí mi ò ní fojú fò: bí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì bá ń ga sókè lára ọ̀pá ìwọ̀n tó sì ń rùn dísẹ́ẹ̀lì. Ó lè jẹ́ fíìdì pọ́ǹpù tàbí inú pọ́ǹpù ńlá ló ń jò sínú rẹ̀. Ẹ má wa ọkọ̀ náà mọ́, ọ́ìlì tó ti ṣàn bí omi kò lè gba ẹ́ńjìnnì.

Bó bá wá di dandan kí ẹ gbé pọ́ǹpù lọ, ẹ fa ìlà sára rẹ̀ àti sára ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó tú u, kí táímìn-ìn, àsìkò tí pọ́ǹpù ń ti dísẹ́ẹ̀lì jáde, má baà sọnù. Ẹ kó gbogbo nọ́súlù dání, kí wọ́n dán wọn wò lórí ẹ̀rọ. Ti 240D gbọ́dọ̀ ṣí ní nǹkan bí 115 sí 125 bar. Kí ẹ sì gba àwọn rọ́bà àtijọ́ padà lọ́wọ́ wọn, kí ẹ lè rí i pé wọ́n pààrọ̀ wọn lóòótọ́.