Omi inú àpò lè tan yín jẹ
Ẹ̀yin ará wa tó ní ileostomy (iṣẹ́ abẹ tó mú ìfun jáde síta lára ikùn, kí ìgbẹ́ lè máa bọ́ sínú àpò), bí omi lásán bá ń tú sínú àpò, tí inú ń run yín ní ìgbà dé ìgbà, tí stoma (ẹnu ìfun tó yọ síta lára ikùn) sì wú, ẹ má tíì pè é ní ìgbẹ́ gbuuru. Oúnjẹ lè ti há sínú ìfun: àgbàdo, ẹ̀pà, àgbọn. Oògùn tó ń dá ìgbẹ́ dúró á tún bà á jẹ́ ni. Ẹ má sì lo oògùn ìyàgbẹ́.

Ẹ dá oúnjẹ líle dúró. Bí ẹ ò bá máa bì, ẹ máa mu tíì lílọ́wọ́ọ́rọ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ gé ojú àpò tuntun kó fẹ̀ sí i, ẹ dùbúlẹ̀, ẹ ká orúnkún mọ́ àyà, ẹ rọra fọwọ́ ra ẹ̀gbẹ́ stoma. Bí nǹkan kan ò bá jáde láàárín wákàtí 4 sí 6, tàbí tí ẹ bá ń bì, ilé ìwòsàn yá. Bí stoma bá dúdú, ẹ lọ lójú ẹsẹ̀.