Bí Ẹ Ó Ṣe Kádìí Owó Ìwádìí Nílẹ̀ Láìjẹ Ẹnikẹ́ni Ní Àlàyé

Orí tábìlì mi ni owó ìwádìí máa ń parí sí. Nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, gbogbo yunifásítì ló máa ń gbọ́. Wọ́n á ya fọ́tò, ọ̀gá àgbà á kọ lẹ́tà kú oríire. Tó bá wá tó àkókò láti kádìí ẹ̀ nílẹ̀, á ku èmi, olórí ìwádìí tó ti ń lé owó mìíràn kiri, àti ìwé ìnáwó tí ìlà inú rẹ̀ pọ̀ lọ súà. Àwọn tó gbé owó kalẹ̀ kò ní í fi bẹ́ẹ̀ bi yín bóyá ẹ ná an tán. Àlàyé ni wọ́n máa béèrè, lórí ìlàkílà tó bá wù wọ́n, nígbà tí ẹni tó ra nǹkan náà ti lè gba iṣẹ́ níbòmíràn. Ẹ kọ àlàyé yẹn sílẹ̀ nígbà tí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣì wà nítòsí.

Ìwé àdéhùn ni ẹ ó kọ́kọ́ wá jáde. Kì í ṣe àbá tí ẹ fi tọrọ owó o. Ìwé tí tọ̀tún tòsì fọwọ́ sí ni, pẹ̀lú gbogbo àtúnṣe tó ti dé bá a, títí kan èyí tó gba orí ímeèlì wọlé. Ẹ wo ọjọ́ tí iṣẹ́ parí, ẹ wo gbèdéke ìjábọ̀, ẹ wo ohun tí wọ́n sọ nípa owó tó bá ṣẹ́ kù àti nípa ẹ̀rọ. Ẹ má fi ìrántí ṣe é. Lábẹ́ owó ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, yunifásítì ní ọjọ́ 120 lẹ́yìn tí iṣẹ́ parí láti fi gbogbo ìjábọ̀ ránṣẹ́. Àwọn alábàáṣiṣẹ́ tó gba nínú owó náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ 90 láti fi tiwọn jíṣẹ́. Kó tó di 2020, ọjọ́ 90 ni òfin àpapọ̀ náà kọ fún gbogbo wọn, mo sì ṣì ń rí àwọn àgbà tó ń fi òfin àná kọ́ ọmọṣẹ́ wọn. Horizon Europe, ètò tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi ń gbé owó ìwádìí kalẹ̀, kò tilẹ̀ fàyè tó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀: ọjọ́ 60 ni.

Ọjọ́ 120 yẹn kì í ṣe àfikún àkókò ìnáwó. Ẹ ní in láti san owó ohun tí ẹ ti lò kí iṣẹ́ tó parí, kí ẹ sì kọ ìjábọ̀. Owó títẹ àbájáde jáde ni òfin náà yọ sílẹ̀: bí jọ́nà bá gba àpilẹ̀kọ yín lẹ́yìn ọjọ́ ìparí, ẹ lè fi owó ìwádìí san án, bí ẹ bá ṣe é kí ẹ tó kádìí owó náà nílẹ̀.

Nígbà tó bá ku nǹkan bí oṣù mẹ́ta, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ti ẹnu ọ̀nà ìnáwó. Mo máa ń ní kí wọ́n tẹ orúkọ gbogbo ẹni tí owó oṣù rẹ̀ ń jáde látinú àkáǹtì náà fún mi, gbogbo ọjà tí a ti béèrè tí kò tíì dé, àti gbogbo ohun tó ń gé owó fúnra rẹ̀ lóṣooṣù: ibi ìpamọ́ dátà, ètò kọ̀ǹpútà tí a ń san àsansílẹ̀ fún, ìlà tẹlifóònù. Owó oṣù ló lágídí jù. Àwọn tó ń san owó oṣù kò mọ̀ pé ìwádìí yín ti parí. Bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ fún wọn, wọn á máa san án lọ. Ẹ fi ìwé ránṣẹ́ sí wọn ṣáájú, kí ẹ sọ àkáǹtì tí olúkúlùkù yóò bọ́ sí láti ọjọ́ kejì tí iṣẹ́ bá parí. Bó bá dẹ̀yìn ọjọ́ náà, ó ti di pé ẹ ń ṣí ìnáwó kúrò ní àkáǹtì kan sí òmíràn, ìyẹn sì ní ẹjọ́ tirẹ̀. NIH tó ń gbọ́ bùkátà ìwádìí ìṣègùn ní Amẹ́ríkà fẹ́ kí irú ìṣípò bẹ́ẹ̀ parí láàárín ọjọ́ 90 tí ẹ rí àṣìṣe náà. Ó sì ti sọ ọ́ láì fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀ pé kí èèyàn kọ ọ́ pé òun ń ṣàtúnṣe àṣìṣe nìkan kò tó. Ẹ ní láti sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ àti ìdí tí ìnáwó náà fi jẹ́ ti ìwádìí tuntun tí ẹ ń gbé e lọ.

Ní ti àwọn yunifásítì alábàáṣiṣẹ́, ẹ kọ̀wé sí wọn lásìkò yìí kan náà. Ìwé tí wọ́n bá fi béèrè owó gbẹ̀yìn gbọ́dọ̀ ní ọ̀rọ̀ náà “ìkẹyìn” lára, gàdàgbà. Èmi kì í san owó ìkẹyìn títí ìjábọ̀ iṣẹ́ wọn yóò fi dé. Àwọn kan ń pè mí ní alágídí nítorí ẹ̀, kò ṣe nǹkan kan.

Wàyí o, ọjà oṣù ìkẹyìn. Ibí ni ọ̀pọ̀ wàhálà ti ń wá. Olùwádìí á wọlé, á jókòó, á ní, “Ọ̀gá, owó ṣì kù díẹ̀ o, ṣé kí n fi ra kọ̀ǹpútà?” Èmi náà á bi í: ọjọ́ wo ló máa dé? Ta ló máa lò ó? Iṣẹ́ wo nínú ìwádìí yìí ló máa fi ṣe? Ní yunifásítì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, mo rí ìlà kan nínú ìwé ìnáwó: ogójì páálí ìbọ̀wọ́ àti ike tí wọ́n ń lò ní láàbù, tí wọ́n béèrè ní ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn. Gbígba dátà ti parí láti oṣù márùn-ún sẹ́yìn. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo ló kù, tó ń kọ àbájáde lórí kọ̀ǹpútà. Ta ni yóò wọ ìbọ̀wọ́ yẹn? Ọ́dítọ̀ kò nílò ọgbọ́n àrà láti rí i: á fi ọjọ́ tí ọjà dé wé ọjọ́ tí iṣẹ́ parí, ó ti tán. Mo yọ ìlà náà kúrò, ẹ̀ka wọn ló san án. Inú wọn kò dùn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ iṣẹ́ tí páálí kan fẹ́ ṣe fún ìwádìí náà.

Bí iṣẹ́ kò bá tíì parí lóòótọ́, ẹ tọrọ àfikún àkókò ní gbangba. Fún owó ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ìfitónilétí gbọ́dọ̀ dé ó kéré tán ọjọ́ 10 kí gbèdéke tó pé. Òfin náà sì kọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni fi àfikún yìí kàn máa wá ọ̀nà láti ná ṣẹ́ẹ́kù. Owó tó bá kù, tí kò sí iṣẹ́ tó ń dúró dè é, ẹ dá a padà. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ ná ju bó ṣe yẹ lọ, àpò ẹ̀ka tàbí ti yunifásítì ni yóò gbé e. Ẹ má fi ìwádìí kan sanwó fún èkejì, bó ti wù kí àwọn méjèèjì jọra tó.

Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó ti ìwé ìnáwó, olórí ìwádìí àti ẹni tó ń ṣírò owó, lójúkojú, kí ẹ kà á láti òkè délẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ń súni. Ìlà tó bá yé àjèjì láìbéèrè, ẹ kọjá. Èyí tí kò bá yé e, ẹ kọ gbólóhùn kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí àpẹẹrẹ, “Ìrìn-àjò ìwádìí” kò sọ nǹkan kan. “Ìrìn-àjò lọ sí láàbù alábàáṣiṣẹ́ láti mú ìwọ̀n ẹ̀rọ wa bá tiwọn mu kí gbígba dátà tó bẹ̀rẹ̀” ti dáhùn ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni lè béèrè. Ìṣẹ́jú kan ni ó gbà lónìí. Lẹ́yìn ọdún méjì, odindi ọ̀sẹ̀ lẹ máa fi wá ẹni tó rántí.

Ní ti ẹ̀rọ, ẹ dìde lọ wò ó pẹ̀lú ojú ara yín, kí ẹ ka nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Láti October 2024, ẹ̀rọ tí iye rẹ̀ lọ́jà lónìí kò bá ju 10,000 dọ́là lọ lè di ti yunifásítì lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà láìsí ẹjọ́ mọ́. 5,000 ni tẹ́lẹ̀. NIH tún ń béèrè ìwé nípa ohun tuntun tí ẹ bá hùmọ̀, bí ẹ kò bá tilẹ̀ hùmọ̀ nǹkan kan. Ẹ kọ “kò sí” kí ẹ fi ránṣẹ́. Ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ àwọn tí ẹ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò kò ní í mọ̀ pé ẹ ti parí àfi bí ẹ bá sọ fún wọn lọ́tọ̀. Bí ìwé ìyọ̀ǹda bá sì ti sọ ìgbà tí orúkọ àwọn tí ẹ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò yóò kúrò nínú dátà, ọjọ́ yẹn kò ṣeé sún síwájú.

Bí ìjábọ̀ owó bá ti lọ, ẹ ní kí wọ́n ti àkáǹtì náà pa, kí owó kankan má lè wọlé tàbí jáde mọ́. Ẹ kó gbogbo ìwé sí orí sáfà yunifásítì, ìyẹn ibi ìpamọ́ àjọlò, kì í ṣe inú kọ̀ǹpútà ẹnì kan tàbí ímeèlì rẹ̀. Òfin Amẹ́ríkà ní kí ẹ tọ́jú wọn fún ọdún 3 láti ọjọ́ tí ìjábọ̀ owó ìkẹyìn lọ. Horizon Europe ní ọdún 5 lẹ́yìn owó ìkẹyìn tí wọ́n san. Bí àyẹ̀wò tàbí ẹjọ́ bá bẹ̀rẹ̀ kí àkókò yẹn tó pé, ẹ máa tọ́jú wọn títí yóò fi parí. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ lè dà wọ́n nù sára fódà náà, kí ẹ sì fi lẹ́tà tí olówó fi gbà pé iṣẹ́ parí ṣe ìwé àkọ́kọ́ nínú rẹ̀.