Sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ló ba iṣẹ́ oṣù méjì mi jẹ́

Pílétì oníhò 96 mẹ́fà, ìyẹn àwo tá a ti ń dán oògùn ibà wò nínú ihò ẹ̀, ni mo dà nù. Mẹ́fà! Ká má tíì sọ ti SYBR Green, aró tó ń tàn tá a fi ń mọ iye kòkòrò, tí owó ẹ̀ ga àti díísù tá a ń bù sí jẹnẹrétọ̀ kí ínkúbétọ̀ má bàa tutù. Inú ṣì ń bí mi.

Ìbàdàn ni lábù wa wà. Mo fẹ́ wò ó bóyá kòkòrò ibà tó wà lára àwọn aláìsàn wa tún ti ń gbọ́ chloroquine, torí àtọdún 2005 nìjọba ti ní ká gbé e tì ká máa lo ACT, àpapọ̀ oògùn ibà tó ní artemisinin nínú. Gígba ẹ̀jẹ̀, fífọ̀ ọ́, pípo RPMI tó jẹ́ omi oúnjẹ kòkòrò, ìyẹn ò le. A ò ní gáàsì tí ọ́síjìn ẹ̀ kéré tí kòkòrò fi ń hù, àbẹ́là ni mo tàn sínú jáà tí mo dé e pa, bí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Trager àti Jensen ṣe ṣe é ní 1976, ó sì ṣiṣẹ́ dáadáa, mo yangàn lọ́jọ́ yẹn.

Lẹ́yìn wákàtí 72 mo fi ẹ̀rọ ka ìmọ́lẹ̀ SYBR Green nínú pílétì (bí kòkòrò bá ṣe pọ̀ tó ló yẹ kí nọ́ńbà ga tó), látorí oògùn tó kéré jù dé èyí tó pọ̀ jù, nọ́ńbà kan náà ni! Bíi pé oògùn ò kan kòkòrò yẹn rárá. Àyà mi já. 3D7, kòkòrò ibà inú lábù tá a fi ń ṣe ìfiwéra, tí gbogbo ayé mọ̀ pé chloroquine ń pa, kú bó ṣe yẹ, ni mo bá gbà pé iṣẹ́ mi dáa, kòkòrò àwọn aláìsàn ló burú. Mo tún un ṣe, mo tún un ṣe. Ọ̀gá mi ní oògùn ló ti bàjẹ́, mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, tó bá bàjẹ́ kí ló pa 3D7, wọn ò dá mi lóhùn, a tún lọ ra òmíì.

Alẹ́ ọjọ́ kan ni mo bu díẹ̀ nínú ihò tí oògùn pọ̀ sí jù, mo fi aró Giemsa kun ún, mo fi máíkírósíkóòpù wò ó. Kòkòrò ti kú, ó ti rún mọ́lẹ̀! Sẹ́ẹ̀lì funfun ló kún ibẹ̀. DNA ni SYBR Green ń lẹ̀ mọ́, sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ò ní in, àmọ́ funfun ní in, tàwọn aláìsàn yẹn ni mò ń kà látọjọ́ yìí. 3D7 ti pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ tá a ti yọ funfun ẹ̀ kúrò, ìdí nìyẹn tí ò fi tú àṣírí.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ́ ẹ̀jẹ̀ gba inú cellulose tó ń dá sẹ́ẹ̀lì funfun dúró kọjá kí n tó tò ó sí pílétì. Lórí pílétì keje, ìlà tó ń fi nọ́ńbà hàn rọra sọ̀ kalẹ̀ bí oògùn ṣe ń pọ̀ sí i, bó ṣe yẹ, mo tẹ̀ ẹ́ jáde mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ ya pílétì kan sọ́tọ̀ kẹ́ ẹ kà á lọ́jọ́ tẹ́ ẹ tò ó gan-an, tí nọ́ńbà ẹ̀ bá ti ga lọ́jọ́ yẹn, ẹ má dúró de wákàtí 72 kankan. Kẹ́ ẹ sì bi aláìsàn lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó ti lo oògùn nílé, torí kòkòrò tó ti jẹ oògùn kì í sábà hù dáadáa.