Bí mo ṣe mú ìyá mi, ẹlẹ́kọ Òjé, lọ sí etíkun Mẹ́síkò

Nígbà tí ìyá mi fẹ́ pé ẹni 70 ọdún, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n wà ní Houston. Mo bi wọ́n pé kí ni kí n ṣe fún wọn. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ pátì, àwọn ò sì fẹ́ aṣọ ẹbí. Ibi tí àwọn á kàn jókòó sí, tí àwọn á máa wo omi, tí ẹnikẹ́ni ò ní kàn wọ́n lẹ́nu ọ̀nà kí ilẹ̀ tó mọ́ pé òun wá ra ẹ̀kọ, ni wọ́n fẹ́. Ọjà Òjé n'Ìbàdàn ni Màmá ti ta ẹ̀kọ títí a fi jáde iléèwé, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo ronú kan etíkun Mẹ́síkò, torí bàálù láti Houston dé Cancún kò ju wákàtí méjì àti díẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ wọn ò sì fẹ́ ìjókòó gígùn mọ́.

Ìwé ni mo kọ́kọ́ mójú tó. Pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ni Màmá ń lò, ẹ̀rù sì bà mí pé a ó tún lọ máa tò fún físà Mẹ́síkò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí físà Amẹ́ríkà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá bá wà nínú pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ lè wọ Mẹ́síkò fún ìgbafẹ́ láìgba òmíràn. Àbọ̀ ni kí ẹ yẹ̀ wò dáadáa: kí físà Amẹ́ríkà náà jẹ́ èyí tí èèyàn lè fi wọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kí ọjọ́ rẹ̀ má sì tán kí ẹ tó padà. Mo tún san owó àlejò tí ìpínlẹ̀ Quintana Roo, níbi tí Cancún wà, ti ń gbà láti 2021, èyí tí wọ́n ń pè ní Visitax. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti san án.

Oṣù kejì ni mo mú. Láti oṣù kẹfà sí oṣù kọkànlá ni ìjì líle máa ń jà ní agbègbè yẹn, nígbà tó bá sì di nǹkan bí oṣù kẹrin, ewéko òkun tí wọ́n ń pè ní sargazo á bẹ̀rẹ̀ sí í gúnlẹ̀ sí etíkun. Tó bá jẹrà, òórùn rẹ̀ kò ṣeé fara dà. Láti 2011 ló ti ń pọ̀ sí i. Ẹni tó bá rí òtẹ́ẹ̀lì tó dọ̀pọ̀ ní oṣù keje, kó rántí ewéko yìí kó tó sanwó.

Ibi tí a máa sùn gbà mí lákòókò jù lọ. Kí ọdún 1970 tó dé, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó ń gbé erékùṣù Cancún. Ìjọba ló dìídì kọ́ ibẹ̀ fún àlejò, òtẹ́ẹ̀lì ńláńlá ló sì tò lọ bẹẹrẹ lẹ́bàá òkun báyìí. Mi ò mú ibẹ̀. Puerto Morelos ni mo mú, ìlú àwọn apẹja tó wà ní gúúsù pápákọ̀ òfurufú, láàárín Cancún àti Playa del Carmen. Àpáta iyùn gígùn tó wà nínú òkun níwájú ìlú náà máa ń fọ́ ìgbì kó tó dé èbúté, nítorí náà omi rẹ̀ máa ń rọlẹ̀, àgbàlagbà lè wọ̀ ọ́ dé orúnkún láìbẹ̀rù. Ilé iná kékeré kan, irú èyí tó ń fọ̀nà han ọkọ̀ ojú omi, wà létí omi níbẹ̀ tí ìjì Beulah tì ní 1967 tó fi dagun. Wọn ò wó o, wọ́n kọ́ tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ṣì dagun síbẹ̀ títí di òní. Màmá fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.

Ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì aláfẹ́ níbẹ̀ ló jẹ́ pé owó kan ṣoṣo lẹ máa san, oúnjẹ, ọtí, gbogbo rẹ̀ á wà nínú ẹ̀. Mi ò gba irú ẹ̀, ìdí méjì ni. Mùsùlùmí ni Màmá, a kì í mutí, kí la ó máa sanwó ọtí sí? Ìkejì ni pé ẹni tó bá ti sanwó oúnjẹ sílẹ̀ kì í jáde. Ó di kó máa jẹun nínú ọgbà kan náà fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko kó sì padà sílé láìmọ ìlú tó lọ. Yàrá àti oúnjẹ àárọ̀ nìkan ni mo san: yàrá ńlá tí báńkóníì rẹ̀ kọjú sí òkun, ibi ìwẹ̀ tí omi rẹ̀ lọ́wọ́ọ́wọ́, àti àwọn tó ń bá èèyàn wọ́ ara. Kí ọ̀rọ̀ etíkun má dààmú yín, torí ti ìjọba àpapọ̀ ni gbogbo etíkun Mẹ́síkò. Òtẹ́ẹ̀lì kankan ò lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé òun nìkan ló ni ín.

Ìlà oòrùn ni òkun wà sí ibẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá Màmá lórí báńkóníì, wọ́n ti kírun Subuhi tán, ìhà òkun náà ni kíblà wà. Oòrùn ń yọ bọ̀ láti inú omi. Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀, wọ́n kàn fọwọ́ pe mí kí n wá jókòó. A wà níbẹ̀ fún nǹkan bí wákàtí kan.

Oúnjẹ alẹ́ tí a jẹ ní òtẹ́ẹ̀lì lọ́jọ́ kìíní rẹwà lójú, àmọ́ wọ́n ti yọ ata kúrò nínú rẹ̀ nítorí àlejò. Màmá tọ́ ọ wò, wọ́n sì gbé ṣíbí sílẹ̀. Bí a ṣe bọ́ sígboro nìyẹn. Ọkọ̀ colectivo la wọ̀ ní ọ̀nà 307: danfo ni, àfi pé funfun ni tiwọn. Ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ẹ nawọ́, ẹ wọlé, ẹ san pésò nígbà tí ẹ bá fẹ́ bọ́lẹ̀. Ẹ mú pésò dání o. Bí ẹ bá fẹ́ gbowó lẹ́nu ATM, ẹ̀rọ náà lè bi yín bóyá kó bá yín ṣírò rẹ̀ sí dọ́là; ẹ sọ pé rárá, torí iye tó máa ṣírò lé yín lórí kì í dáa.

Ilé oúnjẹ kékeré kan ni a ti jẹ tikin xic: ẹja tí wọ́n fi achiote pa lára, èso kan tó pọ́n bí osùn, pẹ̀lú omi ọsàn kíkan, tí wọ́n wé sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kí wọ́n tó sun ún. Ata wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú abọ́ kékeré. Xnipec ni wọ́n ń pè é, ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Maya, èdè àwọn onílẹ̀ agbègbè yẹn, ni imú ajá, torí ó máa ń mú kí imú èèyàn tutù bíi ti ajá. Màmá fi ṣíbí bù ú, wọ́n dijú, wọ́n ní, "Àjọkẹ́, rodo nìyí!" Òótọ́ ni. Habanero tí ilẹ̀ Yucatán fi ń yangàn àti ata rodo wa, ìran kan náà ni wọ́n. Ohun tí wọ́n fi tẹ̀ lé e fún wa láti mu ni agua de jamaica. Zobo ni, ìṣápá pupa, ohun ọ̀gbìn tó ti Áfíríkà lọ bá wọn. Láti ọjọ́ náà ni Màmá ti ń jẹun.

Ẹni tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀ gbọ́dọ̀ lajú sílẹ̀ ní agbègbè yẹn. Oúnjẹ tó lókìkí jù lọ níbẹ̀, cochinita pibil, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni, inú kòtò tí wọ́n dáná sí ni wọ́n ti ń sè é. Èyí ṣì hàn. Èyí tó ń fara pamọ́ ni manteca, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀, tí wọ́n ń fi se ẹ̀wà dúdú tí wọ́n sì ń pò mọ́ àgbàdo tí wọ́n fi ń ṣe tamal. "¿Lleva manteca?" ni kí ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n, ìyẹn ni pé ṣé manteca wà nínú rẹ̀. Ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Houston ni mo ti kọ́ èdè Sípéènì, ó sì wúlò fún mi níbẹ̀ ju ibikíbi lọ. Kò sẹ́ni tó bínú pé mo bi í.

Lọ́jọ́ karùn-ún, a háyà ọkọ̀ lọ sí Valladolid, nínú ìpínlẹ̀ Yucatán, láti sun òru kan níbẹ̀. Tí ẹ bá ṣe bíi tiwa, ẹ mọ̀ pé aago Yucatán fi wákàtí kan rẹ̀yìn sí ti Quintana Roo. Lálọ, àǹfààní ni. Lábọ̀, mi ò rántí, nígbà tí a fi máa dé òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n ti ti ilé ìdáná, bísíkíìtì inú àpò mi la jẹ sùn.

Ní abúlé kan lẹ́yìn Valladolid, ẹni tó bá wa ṣètò ìrìn náà mú wa lọ sílé ìyá kan tó máa ń gba àlejò sí ìdáná rẹ̀. Maya ni wọ́n ń sọ nínú ilé. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ń tú u sí Sípéènì fún mi, èmi ń tú u sí Yorùbá fún Màmá. "Bix a beel?" ni ìyá náà fi kí wa, ìyẹn ni pé báwo ni ọ̀nà rẹ. Èdè wọn ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀, etí Màmá sì gbé e kíá. Wọ́n tún un sọ bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ, ìyá náà sì pàtẹ́wọ́.

Ààrò wà nílẹ̀, òkúta mẹ́ta, bíi ti ìdáná ìyá àgbà mi gẹ́lẹ́. Ọlọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kóró elégédé tí wọ́n ti yan ni wọ́n lọ̀ lórí rẹ̀, wọ́n wá pò ó mọ́ tòmátì sísun àti ata, ó di sikil pak. Màmá fi ìka kó o. "Ẹ̀gúsí tí wọn ò sè ni," ni wọ́n wí, wọ́n sì tún kó o.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé àgbàdo jáde. Wọ́n ti sè é pẹ̀lú cal, ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n rí láti ara òkúta tí wọ́n sun, wọ́n sì ti rẹ ẹ́ mọ́jú. Ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra á nínú omi, èèpo rẹ̀ ń ṣí kúrò, ó ń léfòó. Kò sẹ́ni tó sọ fún Màmá pé kí wọ́n wá. Wọ́n ká apá bùbá wọn sókè, wọ́n kúnlẹ̀ ti bàsíà, wọ́n sì ń bá a ra á. Àwọn méjèèjì ò gbọ́ èdè ara wọn, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ń lọ ń bọ̀ pa pọ̀. Nígbà tí wọ́n lọ̀ ọ́ tán tó di masa, Màmá já díẹ̀, wọ́n gbé e sí imú.

"Kò kan. Bi í pé ọjọ́ mélòó ló fi rẹ ẹ́."

"Òru kan, Màmá."

"Òru kan! Ọjọ́ mẹ́ta ni tèmi."

Mo ṣàlàyé fún wọn pé cal yẹn ló ń bá èèyàn bó èèpo rẹ̀, òun náà ló sì ń tú èròjà aṣaralóore kan sílẹ̀ nínú àgbàdo tí ara ì bá má rí lò. Ọmọ ìyá náà wá sọ pé àwọn baba ńlá àwọn gbà pé ara àgbàdo ni wọ́n fi mọ èèyàn. Mo ní kí Màmá mọ̀ pé ilẹ̀ Mẹ́síkò yìí ni àgbàdo ti ṣẹ̀: ní àfonífojì odò Balsas ni wọ́n ti sọ koríko kan di àgbàdo, ní nǹkan bí 9,000 ọdún sẹ́yìn, lẹ́yìn tí òyìnbó dé àwọn erékùṣù Caribbean ní 1492 ló tó wọkọ̀ ojú omi dé ọ̀dọ̀ wa. Màmá dákẹ́.

"Kí la wá fi ń ṣe ògì kó tó dé?"

"Ọkà bàbà."

Wọ́n mi orí. Wọ́n wo ọwọ́ wọn tí masa ti lẹ̀ mọ́. "Sọ fún un pé mo kí i, kú iṣẹ́. Sọ fún un pé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ìyá wọn ló bọ́ àwọn ọmọ mi, òun ló rán ẹ níléèwé tí o fi ń bá wa gbọ́ èdè yìí." Mo sọ ọ́, ọmọ rẹ̀ tú u. Ìyá náà di ọwọ́ Màmá mú, ó ní, "Dios bo'otik," ó ń dúpẹ́. Mo ní láti jáde síta díẹ̀.

Chichén Itzá, ìlú àtijọ́ àwọn Maya, la lọ lọ́jọ́ kejì, aago mẹ́jọ àárọ̀ tí wọ́n ń ṣílẹ̀kùn la ti dé, kí bọ́ọ̀sì tó máa tú èrò sílẹ̀. Ó lé ní 600 pésò fún àlejò kan nígbà tí a lọ. Ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ni ẹnu kànga àwọn Itzá. Àtẹ̀gùn 91 ló wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́rin ilé òkúta Kukulcán. Ẹ fi ọ̀kan tó wà lókè kún un, ó di 365, iye ọjọ́ inú ọdún. Wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gùn ún mọ́. Ẹ dúró níwájú àtẹ̀gùn náà kí ẹ pàtẹ́wọ́: ohùn tó máa padà wá á dà bíi igbe ẹyẹ. Màmá pa á ní ẹ̀ẹ̀mẹfà.

Cenote Zací tó wà nínú ìlú Valladolid la fi parí rẹ̀. Odò kì í ṣàn lórí ilẹ̀ àríwá Yucatán. Abẹ́ òkúta ni omi ń gbà, ibi tí òkúta bá sì ti wó lulẹ̀ ni wọ́n ń pè ní cenote. Ẹ fọ ìpara ara yín kúrò kí ẹ tó wọ̀ ọ́, torí omi mímu ló wà nísàlẹ̀ ibẹ̀. Màmá ò lúwẹ̀ẹ́. Wọ́n ká ìró sókè, wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, wọ́n sì ń wo omi.

Ọjọ́ kejì tí a padà dé Houston, wọ́n ní kí n wa àwọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Mẹ́síkò. Cal ni wọ́n rà, àpò kékeré kan, pẹ̀lú àgbàdo funfun. Abọ́ méjì ló wà lórí káńtà ìdáná mi bí mo ṣe ń kọ èyí: wọ́n sè ọ̀kan pẹ̀lú cal lálẹ́ àná, wọ́n sì rẹ èkejì sómi lásán. Ọ̀kan ti ṣetán láti lọ̀ ní àárọ̀ yìí. Màmá ní kí n má fọwọ́ kan èkejì títí di ọ̀túnla.