Bí A Ṣe Ń Ṣèwádìí Ohun Tí Kọ̀ǹpútà Ń Ṣe fún Ẹ̀kọ́ àti Ìrònú

Ìbéèrè ni ká ti bẹ̀rẹ̀. "Ǹjẹ́ kọ̀ǹpútà wúlò fún ẹ̀kọ́?" ti gbòòrò jù, ìwádìí kan ṣoṣo kò lè dáhùn rẹ̀. Ẹ sọ irú akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ní lọ́kàn, ohun tí wọ́n máa fi kọ̀ǹpútà ṣe, àti irú ìrònú tí ẹ fẹ́ wò. Bí àpẹẹrẹ: ṣé ọmọ ọdún 10 tó ń fi Scratch (ètò tí ọmọdé fi ń kọ́ bí a ṣe ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà) ṣe eré máa ń tètè rí àṣìṣe inú iṣẹ́ ara rẹ̀ ju ẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò lò ó lọ?

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ka iṣẹ́ àwọn tó ti ṣíwájú. Ẹ lè wá a lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, nínú ERIC, àkójọ ìwádìí nípa ẹ̀kọ́, àti Google Scholar, tó ń wá ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé. Èyí tó ta ko èrò yín gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ kà. Ní 1967, Seymour Papert àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé Logo jáde, èdè tí ọmọdé lè fi pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, wọ́n sì gbà pé ọmọ tó bá ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà yóò kọ́ bí a ti ń ronú. Nígbà tó di àárín àwọn ọdún 1980, àwọn olùṣèwádìí méjì, Roy Pea àti Midian Kurland, dán an wò. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ ṣètò iṣẹ́ inú kíláàsì, bíi kí wọ́n nu pátákó kí wọ́n sì bomi rin òdòdó, lọ́nà tí ìrìn wọn kò fi ní pọ̀. Àwọn tó ti fi ọdún kan kọ́ Logo kò ṣètò rẹ̀ dáa ju àwọn yòókù lọ. Nítorí náà, ẹ dán ìrònú wò níbi tí kọ̀ǹpútà kò sí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ìwádìí ti ń bàjẹ́ ni ìfiwéra. Bí kíláàsì tó ní kọ̀ǹpútà bá tún ní olùkọ́ mìíràn àti ẹ̀kọ́ tuntun, ta la fẹ́ yìn? Richard Clark, olùṣèwádìí nípa ẹ̀kọ́, pariwo ọ̀rọ̀ yìí ní 1983, mo sì gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí olùkọ́, ẹ̀kọ́ àti wákàtí bára mu. Ẹ ṣẹ́ kèké pín àwọn ọmọ. Ẹ dán wọn wò ṣáájú àti lẹ́yìn.

Máàkì nìkan kò tó. Ẹ jókòó ti ọmọ náà, kí ẹ bi í pé, "Kí ló dé tí o fi yí ibí yìí padà?" Ọ̀kan á máa pààrọ̀ nọ́ńbà ṣáá títí á fi bọ́ sí i. Èkejì á ní, "Ó ti yí sápá òsì jù, mo fẹ́ dín in kù." Ohun kan náà ló wà lójú kọ̀ǹpútà àwọn méjèèjì.

Ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ òbí àti ọmọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì fi orúkọ wọn pamọ́.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ẹ tún dán wọn wò, torí pé ìtara ohun tuntun lè gbé ọmọ sókè fúngbà díẹ̀. Bí èsì bá fi hàn pé kọ̀ǹpútà kò fi nǹkan kan kún un, ẹ kọ ọ́ síta bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Olùkọ́ tó fẹ́ náwó sórí ẹ̀rọ nílò irú èsì bẹ́ẹ̀ púpọ̀.