Bí mo ṣe fi páálí kọ́ wọ́ọ̀dù kan ní Savannah

Dọ́là 64 ni mo ti ná kí n tó mọ̀ pé àwòrán ilẹ̀ tí mo rà kò pé. Inú ṣì ń bí mi.

Iṣẹ́ ilé ìwé ọmọ mi ni: kó fi páálí kọ́ apá kan ìlú Savannah, ní Georgia ní Amẹ́ríkà, bí James Oglethorpe, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó dá ìlú náà sílẹ̀, ṣe là á sílẹ̀ ní 1733. Mo fẹ́ràn ìlú yẹn gan-an, mo ní màá bá a ṣe é. Wọ́ọ̀dù-wọ́ọ̀dù ni Oglethorpe pín in. Gbàgede wà láàárín wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìlú wà ní ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn rẹ̀. Púlọ́ọ̀tì 40 fún ilé gbígbé wà ní àríwá àti gúúsù, mẹ́wàá-mẹ́wàá ní ọ̀wọ́ mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 90.

Mo ní kí ínǹṣì kan dúró fún ẹsẹ̀ bàtà 25. Gígé páálí kì í ṣe nǹkan, abẹ àti rúlà ti tó.

Ìgbà tí mo tò ó ni wàhálà dé. Ẹsẹ̀ bàtà 675 ló yẹ kí wọ́ọ̀dù náà jẹ́ níbùú lóròó. Láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn, ó pé géérégé: púlọ́ọ̀tì márùn-ún jẹ́ 300, títì 75, márùn-ún mìíràn 300. Láti àríwá sí gúúsù, ààyè tó ń lọ sí ínǹṣì méjì ṣófo. Mo ní rúlà mi ni. Mo ra páálí tuntun, mo tún gbogbo rẹ̀ gé. Ààyè yẹn ò kúrò níbẹ̀. Odindi alẹ́ méjì, ọmọ ń sùn, èmi ń wọn páálí.

Lálẹ́ kẹta mo gbé abẹ sílẹ̀, mo mú bírò. Ìlà púlọ́ọ̀tì mẹ́rin, 90 lọ́nà mẹ́rin, jẹ́ 360. Gbàgede àti títì tó yí i ká jẹ́ 270. Gbogbo rẹ̀ 630. 45 ló kù. Mo pín in sí méjì: 22 àbọ̀. Ọ̀nà tóóró ni! Láàárín ìlà méjì tó kẹ̀yìn síra wọn, Oglethorpe fi ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé sílẹ̀, ẹni tó ya àwòrán tí mo rà sì fò ó bí ẹni pé kò sí. Ayọ̀ yẹn pọ̀ débi pé mo jí ọmọ.

Tí mo bá tún máa ṣe é, títì àti ọ̀nà ni n ó kọ́kọ́ gé, ilé á tẹ̀ lé e. Ẹ yan Johnson Square, òun ni gbàgede àkọ́kọ́ ní Savannah. Ellis Square ò rọrùn: ní 1954 wọ́n wó ọjà ibẹ̀, wọ́n kọ́ ilé ìgbọ́kọ̀sí sí i, 2010 ni gbàgede náà tó padà.

Ọmọ ti lẹ ilé 40 mọ́ ọn, ilé pákó ẹsẹ̀ bàtà 24 sí 16 bíi ti ìgbà náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ò tó ínǹṣì kan. Ó rẹwà. Olùtajà àwòrán yẹn ò tíì dá dọ́là 15 mi padà.